Ṣí Fìlà Rẹ Kí O Tó Kọjá Níwájú Bàbá Rẹ

Navatukina Òkè,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹjọ.

Isoa ọmọ mi, àkọ́bí Peniasi,

Mo kí orí rẹ, mo kí ọrùn rẹ, mo kí àyà rẹ tí òtútù Brisbane máa ń mú, mo sì kí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì lọ́tọ̀, nítorí àwọn gan-an ni mo torí wọn jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ọlọ́run tó la òkun fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kò ní jẹ́ kí o rìn kí o má dé. Ṣe àmín ná kí o tó kà á síwájú. Mo mọ̀ pé mo lè pè ọ́ lórí fóònù, Akanisi àbúrò rẹ náà sọ bẹ́ẹ̀, ó ní ta ló ṣì ń kọ lẹ́tà láyé yìí, ṣùgbọ́n bí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, o máa ń sọ pé Màmá mo gbọ́, Màmá ó ti yé mi, kí n tó sọ ìdajì. Ìwé kò ní jẹ́ kí o já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Fóònù tí o fi ránṣẹ́ ṣì wà nínú ìrẹsì. Wọ́n ní ìrẹsì ló ń gba fóònù lọ́wọ́ omi òkun, nítorí náà inú rẹ̀ ló ń gbé, mo sì ń pààrọ̀ ìrẹsì náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ó má bàa rí i bí oúnjẹ àná.

Ara mi le díẹ̀. Orúnkún mi nìkan ni kò tíì gbà pẹ̀lú òkè tuntun tí ìjọba kó wa wá yìí, nítorí ènìyàn ò lè lọ pọn omi kó má gòkè, kò sì lè lọ ṣọ́ọ̀ṣì kó má sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí a gbìn síbí ta bí ìka ọmọ ọwọ́. Kókò kò tilẹ̀ ta rárá. Mẹ́ta nínú àwọn adìẹ wa ti sá padà sí etíkun, wọ́n ní àwọn ò ṣe, n kò sì lè bá wọn wí.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Òkun ti ń jẹ itẹ́ òkú wa. Ìlà àkọ́kọ́ ti lọ tán. Ìyá tó bí àgbà Vereniki wà níbẹ̀, sìmẹ́ńtì rẹ̀ nìkan ló kù tó dùbúlẹ̀ sínú omi bí ọkọ̀ tó dojú dé. Ìlà kejì ti ń sán. Ìlà kẹta ni bàbá rẹ wà. Ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn àgbààgbà ti fi ọjọ́ sí i, Sátidé kẹta nínú oṣù Kẹsàn-án, pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan wá hú egungun ènìyàn rẹ̀ kí á gbé e gun òkè. O mọ bí a ṣe ń ṣe é níbí: àkọ́bí ọkùnrin ló ń di apá orí mú, kò sí ẹlòmíràn. Ẹni tí àkọ́bí rẹ̀ kò bá wá, ibi tí a tẹ́ ẹ sí náà ni a ó fi í sílẹ̀ sí fún òkun. Àgbà Vereniki, agbẹnusọ Baálẹ̀, ti sọ ọ́ ní gbangba lẹ́yìn ìsìn, ojú mi ni wọ́n sì ń wò bí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ọ ní oṣù Kẹrin, o ní iṣẹ́ kò jẹ́, o ní tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ti wọ́n, lẹ́yìn náà o wá sọ ohun tó da orí mi rú. O ní, Màmá, ẹ má bọkàn jẹ́, gbogbo Sátidé ni mo ń wá sílé. O ní o gba ẹ̀gbẹ́ igi máńgòrò kọjá, o sì dúró níwájú ilé wa. Isoa, n kò já ọ nírọ́, nítorí n kò tọ́ òpùrọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń retí rẹ, mo kàn rò pé ọ̀nà tuntun kan ti wà tí àwa ará oko kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ náà, bí Sátidé bá ti mọ́, mo ń gbá ojú ọ̀nà láti etíkun títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Mo ń se kókò, mo ń fi omi àgbọn se ẹja, mo ń bu tìrẹ sínú abọ́ aláwọ̀ búlúù yẹn, mo ń fi abọ́ mìíràn dé e. Nígbà tí a kó wá sókè ní oṣù Kẹfà, mo tún ń gbé abọ́ náà sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀, mo rò pé o kò tíì mọ ọ̀nà òkè. Nígbà tí mo bá padà lọ gbé e, ó ti ṣófo. Inú mi ń dùn. Mo wá bi àgbà Vereniki bóyá wọ́n ń rí ọ. Wọ́n ní àwọn kò rí ẹnikẹ́ni, àfi pé ajá àwọn ti sanra láìnídìí.

Akanisi gbọ́ èyí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, ẹ̀yin Màmá, wọ́n á ní orí yín ti dàrú o, Isoa kò kúrò ní Brisbane, inú ẹ̀rọ ló ti ń rìn. Ó wá ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún mi, ohun tí ìwọ kò ṣe láti ọdún mẹ́rin. Ó ní ilé iṣẹ́ yín ṣe àwo ńlá kan tó jinnú díẹ̀ bí ọpọ́n tí a ń po yaqona sí kí àwọn àgbà tó mu ún, ṣùgbọ́n tí ènìyàn lè dúró sínú rẹ̀. O ń wọ bàtà tó ń yọ̀, wọ́n ń fi ìgbànú so ọ́ mọ́ irin, o wá ń rìn. Bí o bá gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á yọ̀ padà síbi tó ti wá. Ó ní o ń rìn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ o kò kúrò lójú kan, àwọn ọ̀gá rẹ sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá òòyì kọ́ ọ tàbí kò kọ́ ọ.

Ọmọ mi, mo kàwé dé fọ́ọ̀mù karùn-ún. Ìtàn ni mo mọ̀ jù. Wọ́n kọ́ wa pé láyé àtijọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n wọn sórí àgbá kan, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, wọn kò ní dé ibì kan. Nítorí náà, ohun tí mo kọ́kọ́ bi Akanisi ni pé kí ni o jí. Ó ní o kò jí nǹkan kan, wọ́n ń sanwó fún ọ ni. Èyí tún wá bà mí lẹ́rù jù. Bí o bá ṣẹ ọ̀gá rẹ, Isoa, sọ ọ́. Eyín àbùùbùtán kan ṣì wà nínú àpótí bàbá rẹ, a lè gbé e lọ bá ọ̀gá náà bí a ṣe ń bẹ èèyàn ńlá, kí wọ́n tú ọ kúrò nínú ìgbànú yẹn.

Ọ̀rọ̀ náà ti bá mi dé ọ̀dọ̀ ìjọba pàápàá. Obìnrin tó gbé fọ́ọ̀mù ilé tuntun wá bi mí pé ènìyàn mélòó ló ń gbé ilé yìí. Mo ní mẹ́ta: èmi, Akanisi, àti Isoa. Ó ní Isoa dà. Mo ní Brisbane ló ń sùn, ṣùgbọ́n ilé ló ń rìn sí. Ó wò mí. Ó ní, Màmá, ṣé ó ń wá? Mo ní gbogbo Sátidé. Ó ní kó wá fọwọ́ sí ìwé. Mo ní ó wà nínú ẹ̀rọ lọ́wọ́, kó ní sùúrù. Ó fi bírò pupa fa ìlà lé orúkọ rẹ, yàrá mẹ́ta di méjì.

Ìyẹn kò tíì dùn mí tó ti fìlà. Nígbà tí Akanisi fi àwòrán rẹ hàn mí nínú fóònù, mo pariwo. Ìwọ nìyẹn lórí àwo, o nàró ṣánṣán, o dé ohun dúdú kan tó gba orí tó sì bo ojú méjèèjì. Mo ní kí lèyí. Ó ní ohun tí ó fi ń rí abúlé nìyẹn. Isoa! Fìlà! Nínú Navatukina! Àti jígí dúdú pọ̀ mọ́ ọn! Mínísítà ìjọba gan-an, bó bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ létíkun, ó ń ṣí fìlà rẹ̀, ó ń fi í há abíyá, nítorí orí kan ṣoṣo ló wà ní abúlé yìí, ti Baálẹ̀ sì ni. Ìwọ náà mọ̀. Ọmọ ọdún méje ni ọ́ nígbà tí o dé fìlà ilé ìwé wọ abúlé, bàbá rẹ fi àjẹ̀ gbá a bọ́ sínú òkun, o sì fi ọ̀sẹ̀ kan sunkún fìlà. Mo wá bi Akanisi bóyá o máa ń bẹ̀rẹ̀ kí o sì wí pé tilou bí o bá ń gba iwájú àwọn àgbà kọjá. Ó ní ìgbànú kò ní jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, irin ni wọ́n so ó mọ́. Mo ní háà. Láti oṣù Kẹrin ni ọmọ mi ti ń gba iwájú ilé Ratu Nemani, Baálẹ̀ wa, kọjá, lórí ìdúró, tòun ti fìlà, tòun ti jígí, kò kí ẹnikẹ́ni, kò mú gbòǹgbò yaqona kan lọ́wọ́. Ṣé oṣù Kẹrin náà kọ́ ni ẹsẹ̀ Ratu Nemani bẹ̀rẹ̀ sí wú? Akanisi ní àtọ̀gbẹ ti wà lára wọn láti ọdún mẹ́wàá. Mo ní àtọ̀gbẹ ti wà lóòótọ́, kí ló dé tí ẹsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wú.

Mo ra kìló yaqona kan, mo gbé e lọ bá àgbà Vereniki, pé kí wọ́n bá mi gbé e síwájú Ratu Nemani, kí wọ́n bá mi tọrọ ìdáríjì fún ọ. Wọ́n bi mí pé irú fìlà wo ni. Mo ṣàlàyé títí. Wọ́n ní ṣé ọmọ yìí wà níbí àbí kò sí níbí? Akanisi ní kò sí níbí. Wọ́n ní bí kò bá sí níbí, orí ta ni fìlà wà? Akanisi ní orí Isoa ni, ní Brisbane. Wọ́n ní ojú rẹ̀ ń kọ́? Akanisi ní ojú rẹ̀ ń rí ibí. Wọ́n ní ó dáa, ẹsẹ̀ ń kọ́? Akanisi ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kàn gún yaqona yìí.

A gún un, wọ́n pò ó, a pàtẹ́wọ́. Ratu Nemani na ẹsẹ̀ wọn sórí ìrọ̀rí, wọ́n ní ọjọ́ wo gan-an ni ọmọ náà máa ń wá. Mo ní Sátidé ni. Wọ́n ní Sátidé kẹ̀! Gbogbo Sátidé ni àwọn wà nílé, ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn jáde, irú ọmọ wo ló máa ń ti Brisbane bọ̀ tí kò ní mú agolo bisikíìtì kan ṣoṣo lọ́wọ́. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo rò pé ó ti tán. Wọ́n wá bi mí pé bí o bá ń rìn bẹ́ẹ̀, ṣé ẹsẹ̀ rẹ máa ń kan ilẹ̀ wa? Mo ní Akanisi ní kì í kàn án, ó ń yọ̀ ni. Wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní àwọn mọ àwọn tó ń gba abúlé kọjá tí ẹsẹ̀ wọn kì í kan ilẹ̀, tí wọn kì í bẹ̀rẹ̀, tí wọn kì í kí ènìyàn, tí ìyá wọn ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún tí ajá sì ń jẹ ẹ́. Wọ́n ní, Ulamila, àwọn yẹn, sísin la ti sin wọ́n. Wọ́n ní ti fìlà, àwọn ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n kí n bi ọmọ mi léèrè ohun tó ń wá níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni mo fi fóònù Akanisi pè ọ́, o rántí. Mo bi ọ́, o dákẹ́, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, mo gun orí àpáta lọ pẹ̀lú orúnkún mi yìí. O wá ní bàbá rẹ ni o ń lọ wò. O ní nígbà tí àwọn ọmọ yunifásítì mú ẹ̀rọ tó ń fò bí adán wá ní ọdún méjì sẹ́yìn láti ya abúlé kí òkun tó gbà á, bàbá rẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ máńgòrò, ó ń tún àwọ̀n ṣe, ẹ̀rọ náà sì yà á pọ̀ mọ́ igi àti ilé, àwòrán náà ló sì wà nínú fìlà rẹ. O ní o máa ń rìn lọ síbẹ̀, o máa ń dúró níwájú rẹ̀ títí ọ̀gá rẹ yóò fi fọwọ́ kàn ọ́ léjìká. Mo ní ṣé ó máa ń wò ọ́? O ní rárá, Màmá, àwọ̀n ló ń wò.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi mọ́. Mo rántí ìgbà tí a sin ín lọ́dún tó kọjá. Inú fóònù ni o wà, Akanisi ló gbé ọ lọ́wọ́, o rí ṣọ́ọ̀ṣì, o rí pósí, nígbà tó kan iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. A kò tún un pè. A rò pé èyí tí o rí ti tó. Àṣé lójú tìrẹ, kò sẹ́ni tó tíì sin bàbá rẹ.

Èmi náà ní ohun tí mo fi pamọ́ fún ọ. Igi máńgòrò yẹn ti wó nínú ìjì oṣù Kẹta. Nígbà tí o ní o gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo rò pé kùkùté rẹ̀ ni o rí. Ilé wa, a ti tú u. Páànù rẹ̀ ló wà lórí mi báyìí bí mo ti ń kọ̀wé. Bẹ́ǹṣì bàbá rẹ, òkun ti gbé e lọ. Ibi tó jókòó sí gan-an, bí òkun bá kún, omi ń dé itan mi, mo mọ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ń gba kọjá pẹ̀lú abọ́ rẹ. N kò sọ ọ́ fún ọ, ẹ̀rù ń bà mí pé bí o bá mọ̀ pé kò sí nǹkan kan mọ́ níbẹ̀, o kò ní rí ìdí tí o fi máa wálé. N kò mọ̀ pé nítorí o rò pé gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ ni o kò ṣe wá.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ sínú lẹ́tà yìí ni pé kí o bá mi jíṣẹ́ fún bàbá rẹ. Kí o sọ fún un pé a ti kó lọ sókè, kó dìde lórí bẹ́ǹṣì yẹn, omi ń bọ̀. Ṣùgbọ́n o kò lè bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ lórí ìdúró, pẹ̀lú fìlà lórí. Mo ní kí Akanisi kọ ọ́ sí ọ pé kí o ṣí fìlà ná, kí o tó kọjá níwájú rẹ̀. Akanisi ní bí o bá ṣí i, gbogbo rẹ̀ á pòórá, ilé, igi, bàbá, ògiri ilé iṣẹ́ nìkan ni o máa rí. Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ èyí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ro ọ̀rọ̀ yìí bí mo ti ń hun ẹní. Bí o bá dé fìlà, o rí bàbá rẹ, o kò lè kí i. Bí o bá ṣí fìlà kí o lè kí i, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn. Ibì kan ṣoṣo ló kù láyé tí o ti lè ṣí fìlà níwájú bàbá rẹ kó sì ṣì wà níbẹ̀. Ìlà kẹta ni, létíkun, títí di Sátidé kẹta oṣù Kẹsàn-án.

Nípa owó, mo mọ̀ pé o ti ń wá gbólóhùn yìí láti òkè. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin, okùn, àti yaqona fún àwọn tó máa gbẹ́ ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò ní ju igba dọ́là lọ. Bí ọwọ́ rẹ bá sì tó o, òògùn orúnkún, èyí tó máa ń gbóná lára. Ṣùgbọ́n bí owó yìí àti owó tíkẹ́ẹ̀tì bá ń du ara wọn, jẹ́ kí sìmẹ́ńtì lọ. Òkúta pọ̀ lórí òkè yìí ju ẹ̀gẹ́ lọ. Ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ ojú omi ti Ọjọ́rú ni kí o wọ̀ láti Savusavu, má wọ ti ọjọ́ Ẹtì, ó ti darúgbó, ó ń mu omi. Mú agolo bisikíìtì kan wá fún Ratu Nemani, o mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Wíwú ẹsẹ̀ wọn ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Akanisi ní abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì ni.

Obìnrin fọ́ọ̀mù yóò padà wá ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo ti fi pẹ́ńsù kọ orúkọ rẹ padà sókè ìlà pupa rẹ̀ nínú ẹ̀dà tó fi sílẹ̀. Kó wá bá ọ nílé. Láti Sátidé yìí, n kò ní gbé abọ́ lọ sí etíkun mọ́, èyí tí ajá jẹ ti tó. Òkè ló máa wà, n ó fi abọ́ dé e.

Ẹní tí a ó fi wé egungun bàbá rẹ ti parí. Mo di etí rẹ̀ yíká, àfi apá orí. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọwọ́ rẹ.

Kí òkun gbé ọ wá láìmì ọ́. Kí ọ̀gá rẹ tú ìgbànú náà pẹ̀lú ẹ̀rín. Kí o dé, kí o bẹ̀rẹ̀, kí n gbọ́ tilou lẹ́nu rẹ kí n tó rí ojú rẹ. Kí ẹsẹ̀ rẹ kan ilẹ̀, Isoa. Kí ẹsẹ̀ rẹ kan ilẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ulamila.